Orúkọ Tí Ìyàwó Ilé Kì í Pè

Ìyá ọkọ mi ti kú láti ọdún méjì, ṣùgbọ́n òun náà ló ṣílẹ̀kùn fún mi láàárọ̀ ọjọ́ ìgé ẹ̀ka.

“Ta nìyẹn?” Ohùn rẹ̀ jáde láti inú ògiri pẹ̀lú ìkanra díẹ̀, bó ṣe máa ń rí nígbà ayé rẹ̀ bí a bá bá a lẹ́nu iṣẹ́.

“Èmi ni, Màmá. Ṣíjúwọlá ni.”

“Ìyàwó, o káàbọ̀. Bọ́ bàtà rẹ sílẹ̀. Má kó ekuru wọlé tọ̀ wọ́n.”

Igi àjàrà kan ni Màmá ń bọ̀wọ̀ fún bẹ́ẹ̀ yẹn. Mo bọ́ bàtà, irin náà ṣí, òtútù sì kọlù mí lójú.

Yàrá mẹ́tàlélógójì ló wà nínú àpáta Òkè Agbélé. Ohun ọ̀gbìn kan ló wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, òkú kan sì ló ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ti mọ́ wa lára. Bàbá Ògúnrìndé tó ń ṣọ́ kọfí ti kí mi bí mo ṣe ń kọjá, ó sì béèrè bóyá ọmọ mi ti ń rìn. Ọmọ náà ti pé ọdún mẹ́fà. Èyí tí kò tíì mọ́ mi lára ni yàrá kejìlá. Ìjọba gba òtútù rẹ̀ lóṣù tó kọjá, ohun tó wà nínú rẹ̀ sì ti rà, ṣùgbọ́n wọn ò tíì wá kó ohùn ẹnu ọ̀nà lọ. “Ta nìyẹn?” ló ń béèrè láàárọ̀, “Ta nìyẹn?” ló ń béèrè lálẹ́. Bí èèyàn bá dá a lóhùn, yóò dákẹ́ díẹ̀, yóò tún béèrè. Mo máa ń sáré kọjá níbẹ̀ ni, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Lára ilẹ̀kùn tiwa, wọ́n fín in sí irin pé: ỌMỌ ILÉ ADÉGÒROYÈ. WỌ́N GBÀ Á TỌ́ NÍ 2071. Kò sí orúkọ níbẹ̀. Láti ìgbà tí àwọn ẹ̀rọ ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ayédèrú ìwé fún ara wọn, tí ẹnikẹ́ni kò mọ èyí tó jẹ́ òótọ́ mọ́, ìjọba kò gba ìwé gbọ́ lórí ohun ọ̀gbìn. Ahọ́n tó lè tọ́ ọ wò àti ẹnu tó lè dárúkọ rẹ̀ ni wọ́n ń fẹ́, ní ọgbọọgbọ̀n ọdún. Ọdún yìí ló kàn mí, èmi tí mo jẹ́ alágbàtọ́ rẹ̀.

Ìdílẹ̀kẹ̀, àjàrà wa, ṣì ń sùn. Oṣù mẹ́ta ni a ti fi òtútù kùn ún lóorun, torí ìlú tó ti wá, níbi tí iná ti jó gbogbo oko tán báyìí, òtútù máa ń mú níbẹ̀ nígbà kan, igi náà kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń so èso láìsùn. Ìdí rẹ̀ dúdú, ó lọ́ bí aṣọ tí wọ́n ń fún. Kò sí ewé kankan lórí rẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo kí i.

Ìdílẹ̀kẹ̀ tí mo ń pè é yìí, èmi kọ́ ni mo sọ ọ́. Màmá ló sọ ọ́ nígbà tó jẹ́ ìyàwó tuntun, mo sì bá a níbẹ̀. Ẹni tó bá ti wà nílé kí wọ́n tó gbé ìyàwó dé, ìyàwó kì í pè é lórúkọ, ì báà jẹ́ ọmọ ọdún méjì. Inagijẹ là ń fún wọn. Àbúrò ọkọ mi, Akọ̀wé ni mo ń pè é. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin, Ẹyinjúẹgẹ́. Nígbà tí Òfin Ìgbàtọ́ wá sọ pé ohun ọ̀gbìn tí ilé kan bá gbà ti di ọmọ ilé náà, ibi tí ìjọba rò ó dé kò jìnnà, àwọn ìyàwó ló rò ó dópin. Igi yìí ti pẹ́ nílé Adégòroyè kí Màmá tó wọlé ọkọ. Ṣé ó máa wá la orúkọ mọ́ ọn lórí ni? Èso rẹ̀ máa ń so jìngbìnnì, á rọ̀ sísàlẹ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀ ìdí, bó ṣe di Ìdílẹ̀kẹ̀ nìyẹn.

“Ìyàwó wa, o ti dé ṣáájú mi.”

Ẹyinjúẹgẹ́ ló wọlé lẹ́yìn mi. Màmá ló bí i, òun ni àkọ́bí, ó sì jọ ọ́ débi pé mo máa ń ta gìrì bí mo bá rí i lójijì. Ibà Ahọ́n mú un nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án. Láti ìgbà náà, kò mọ iyọ̀ yàtọ̀ sí ṣúgà, ó máa ń bu ata sí tíì kó lè mọ̀ pé òun mu nǹkan. Ìyẹn ni kò ṣe lè di alágbàtọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ ilé ni.

“Ẹ káàárọ̀ mà, Ẹyinjúẹgẹ́.”

“Káàárọ̀. Ṣé o ti gé e?”

“Mo fẹ́ gé e ni.”

Mo fọ ọwọ́ mi, mo mú abẹ, mo gé ẹ̀ka àkọ́kọ́ sí òkè ojú kejì bí Màmá ṣe kọ́ mi. Omi yọ lójú ibi tí mo gé. Ó kún, ó kán sílẹ̀, òmíràn tún kún. Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn bí oorun bá ti ń dá lójú rẹ̀, kò sì sóhun tó ń dùn ún, ṣùgbọ́n n kò tíì gé e rí kí àyà mi má já.

“Ó ti ń sunkún,” Ẹyinjúẹgẹ́ wí, ó sì pè é lórúkọ rẹ̀ gan-an, fàlàlà, bí ẹni ń pe àbúrò rẹ̀. Mo yí ojú sí ògiri. N kò lè ní kó má pè é, ilé bàbá rẹ̀ ló wà. Ẹ̀rọ ẹlẹ́rìí tó wà nínú ògiri, tó ń fi ohùn Màmá sọ̀rọ̀, kò sì kọbi ara sí i, torí ohùn alágbàtọ́ nìkan ló ń kó jọ.

Ó jókòó sórí àpótí, ó na ẹsẹ̀. “Mo ti mọ ohun tí Làníyọ̀nù ń bọ̀ wá sọ. Mi ò sùn. Ìyàwó, mi ò ní purọ́ fún ẹ. Mo fẹ́ kí n ṣì máa gbọ́ ìyá mi.”

Mo tún gé ẹ̀ka kan.

Ọ̀gbẹ́ni Làníyọ̀nù, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń gba ẹ̀rí, dé ní aago mẹ́jọ. Òwú ló fi dí etí rẹ̀ gba ọ̀nà àpáta wọlé, ó ní bí òun bá dá gbogbo òkú lóhùn, ilẹ̀ á ṣú mọ́ òun lọ́nà. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni, ojú rẹ̀ máa ń dà bí ti ẹni tó ti rẹ̀. Ó gbé àpótí kan tó ní ife mẹ́ta nínú sórí tábìlì, ó yọ òwú náà, ó ká a sínú àpò bí ẹni tó mọ̀ pé òun á tún lò ó.

“Màdáámù, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí,” ó ní. “Nínú Àkójọ Ẹnu, níbi tí ẹ̀rí àwọn alágbàtọ́ wà, bàbá àgbà ilé yìí gba àjàrà kan tọ́, wọ́n dárúkọ rẹ̀. Ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, ìyá yín dúró síbi tí ẹ dúró sí yìí, wọ́n mú ife tó tọ́, wọ́n ní Ìdílẹ̀kẹ̀ ló ń jẹ́. A ti wá Ìdílẹ̀kẹ̀ káyé, kò sí. Torí náà, lójú òfin, èyí tí bàbá gbà ti sọnù, èyí tó wà níbí kò sì ní ìran.”

“Orúkọ tí ìyàwó ń pè é ni,” Ẹyinjúẹgẹ́ já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀. “Báwo ni ìyàwó ṣe máa pe ọmọ ilé lórúkọ?”

“Mo mọ̀ mà. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi, Bàbá Kékeré ló ń pè mí dòní. Ẹni tó gba ẹnu ìyá yín sílẹ̀ kì í ṣe ará ibí, bó ṣe gbọ́ ọ ló ṣe kọ ọ́. Ó dùn mí. Ṣùgbọ́n òfin ò ní ibi tí mo lè kọ ìyẹn sí.”

“Bí mo bá wá ní Ìdílẹ̀kẹ̀ ni ńkọ́?” mo béèrè.

“Ẹnu yín àti ti ìyá yín bára mu nìyẹn. A ó gba òtútù yàrá yìí ní ìparí oṣù, irúgbìn iṣu kan ti ń dúró dè é. Ohùn màmá yóò lọ sí Ilé Ohùn tọ̀wọ̀-tọ̀wọ̀. Ẹ lè gbé e lọ sílé pàápàá, kó máa bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀.”

“Bí mo bá sì pè é lórúkọ?”

Làníyọ̀nù wo Ẹyinjúẹgẹ́, ó wo ilẹ̀. “Òtútù dúró fún ọgbọ̀n ọdún míì. Ṣùgbọ́n màmá ti di ẹlẹ́rìí èké. Ohùn ẹlẹ́rìí èké kì í ṣọ́ ilẹ̀kùn, kì í sì í wà níbòmíràn. Yóò parẹ́ níbí, lójú yín. Ẹ̀rọ ò ní bi mí kó tó ṣe é.”

“Mélòó ni irú igi yìí tó kù láyé?”

“Èyí tí ahọ́n èèyàn mọ̀? Ọ̀kan.”

Ohun tó wà níwájú mi nìyẹn. Bí mo bá ṣe bí ìyàwó rere, igi náà kú. Bí mo bá gbà á là, mo pa ohùn Màmá lójú ọmọ rẹ̀. Ọkọ mi wà níbi ìsédò ní ìsàlẹ̀ odò. Nígbà tí mo pè é lálẹ́ àná, ó ní ohun tó bá tọ́ lójú mi ni kí n ṣe, ọ̀rọ̀ tí àwọn ọkùnrin máa ń sọ bí ẹrù bá wúwo. Ọmọ mi Ìṣọ̀lá sì máa ń wá síbí ní ọjọ́ Sátidé, á gbé ẹnu mọ́ ògiri, á ro ẹjọ́ mi fún ìyá àgbà rẹ̀.

Èmi náà fẹ́ràn obìnrin yẹn. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kó yé yín. Wọ́n fẹ́ mi wọlé Adégòroyè nítorí ahọ́n mi. Kí wọ́n tó béèrè ìwà mi, wọ́n ti gbé omi mẹ́rin síwájú mi pé kí n sọ èyí tó ti inú ìkòkò wá. Mo bínú sí i, mo sọ fún ìyá mi pé bí ẹni ń ra ajá ọdẹ ni wọ́n ṣe ń ṣe mí. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé, Màmá kò jẹ́ kí n tọ́ nǹkan kan wò fún oṣù mẹ́fà. Ó ní kí àwa méjèèjì kọ́kọ́ mojú ara wa. Ó kọ́ mi ní ewé rẹ̀, tó tóbi, tó rí roboto, tí kò là wọnú bíi ti àwọn àjàrà yòókù. Ó kọ́ mi bí èso rẹ̀ ṣe ń kúrò ní àwọ̀ ewé, tí yóò dà bí omi tí wọ́n fi ògì sí díẹ̀, tí iná tí a fi rọ́pò oòrùn nínú àpáta á wá ta àmì pupa-pupa sí i lára.

Lẹ́yìn náà ló wá fún mi ní wáìnì rẹ̀. Ó kan. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ tu ú nù. Màmá rẹ́rìn-ín, ó ní, “Bí gbogbo ayé ṣe tu wọ́n nù nìyẹn.” Ó sọ fún mi pé ọtí tálákà ni wọ́n ń pè é láyé ijọ́un, pé wọ́n fòfin lé e kúrò lóko léraléra, bẹ́ẹ̀ òun ló bí àwọn àjàrà tí àwọn olówó ń wá kiri, ó bí Ṣadoné, ó bí Rísílìn, kò sẹ́ni tó bi wọ́n léèrè ìyá wọn. “Má wá adùn níwájú ahọ́n,” Màmá wí. “Gbé e mì, kó o wá dákẹ́.” Mo gbé e mì, mo dákẹ́. Ohun kan wá yọ lẹ́yìn, bí òórùn àpáta tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa. Ó pẹ́ kó tó lọ. Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ ọ́n.

Nǹkan kan tún wà tó sọ fún mi tó máa ń dẹ́rù bà mí. Wọn kì í gbin kóró rẹ̀. Ẹ̀ka ni wọ́n ń gé, wọ́n á rì í mọ́lẹ̀, á di igi. Èyí tó wà níwájú mi yìí, ara kan náà ni pẹ̀lú èyí tí wọ́n gbìn ní ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn. Kò kú rí. Àwọn tó ń gé e ló ń kú.

“Ẹ fún mi láyè kí n bi Màmá,” mo wí.

Làníyọ̀nù gbé ọwọ́ méjèèjì sókè pé kò burú.

“Màmá, ṣé ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n sọ?”

“Mo gbọ́, ìyàwó.”

“Kí ni kí n ṣe?”

Ẹ̀rọ náà kò ní ọ̀rọ̀ kankan ju èyí tí Màmá ti sọ nínú yàrá yìí rí lọ, ó ń wá èyí tó bá a mu nínú wọn. Omi ń kán láti ẹnu ẹ̀ka.

“Ṣé o ti jẹun?”

“Mi ò tíì jẹun, Màmá. Òní ni mo fẹ́ tọ́ ọ wò.”

“Ó dáa. Ahọ́n tó mọ́ ni kó o gbé wá.”

“Màmá, kí ni kí n ṣe?”

Ó tún pẹ́. “Fọ ọwọ́ rẹ. Rọra mú ẹ̀ka, má fà á. Wọ́n ti dàgbà jù wá lọ.”

Ẹyinjúẹgẹ́ fi ìborùn bo ẹnu. Èmi náà mọ̀ pé ẹ̀rọ ni, mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ọjọ́ ìgé kan lásán ni, tó ti pẹ́. Síbẹ̀ mo tún fọ ọwọ́ mi.

Làníyọ̀nù da wáìnì sínú ife mẹ́ta. Àwọ̀ kan náà ni wọ́n, bí omi tí koríko gbígbẹ wà nínú rẹ̀. Mo gbé ti àkọ́kọ́. Òórùn òdòdó ti pàdé mi kó tó kan ètè mi, Rísílìn ni, ọmọ. Ẹ̀kẹta rọ̀ lẹ́nu, ó yọ̀ díẹ̀, ó fẹ́ kí n fẹ́ràn òun, Ṣadoné ni, ọmọ òun náà. Ọmọ máa ń jọ ìyá, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ alágbàtọ́ ti ń ṣìnà. Ìkejì kan mí lẹ́nu. Mo gbé e mì, mo dákẹ́. Mo dúró dè é. Àpáta náà yọ, pẹ̀lú òjò lórí rẹ̀.

“Ìkejì ni.”

“O mọ̀ ọ́n,” ohùn Màmá wí. “Kí ni orúkọ rẹ̀?”

Màmá kò bi mí ní ìbéèrè yẹn rí láyé rẹ̀. Wọ́n ti tò ó jọ láti inú ọ̀rọ̀ mìíràn tó sọ, àlàfo díẹ̀ wà láàárín ọ̀rọ̀ kan sí èkejì, mo sì gbọ́ àwọn àlàfo náà.

Mo wo Ẹyinjúẹgẹ́. Ojú Màmá náà ló fi ń wò mí.

Mo yí ẹ̀yìn sí ògiri, mo kọjú sí igi náà, mo sì kúnlẹ̀ lórí òkúta tútù. “Ẹ forí jì mí,” mo wí fún un. “Ẹ ti wà nílé kí n tó dé.” Mo gbé orí sókè. “Gúwé ni. Gúwé ni orúkọ rẹ̀.”

Mo gbọ́ tí Làníyọ̀nù ń wá òwú rẹ̀ nínú àpò.

“A gba ẹnu rẹ,” ohùn Màmá wí. “Ẹlẹ́rìí tó ṣáájú...”

Ó dúró níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í pa á rẹ́, láti ìparí padà sí ìbẹ̀rẹ̀, bó ṣe ń kan ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan péré. Ikọ́ ló kọ́kọ́ jáde, ti oṣù tó kẹ́yìn ayé rẹ̀. “Ìyàwó, bá mi gbé omi.” Ó lọ. “Ìṣọ̀lá, má fọwọ́ kan wọ́n, wọ́n ń sùn.” Ó lọ. Ohùn náà ń le sí i, ikọ́ ń kúrò nínú rẹ̀. Ó kí, ó bínú, ó kọrin, gbogbo rẹ̀ ń yára. Mo wá gbọ́ ọ tó ń rọra sọ̀rọ̀ bí ẹni ń sọ̀rọ̀ àṣírí: “Ìdílẹ̀kẹ̀, mo ti rí ìyàwó tó máa tọ́jú yín. Ahọ́n rẹ̀ mọ́ gan-an. Ó kàn lẹ́nu púpọ̀ ni.” Ó sì rẹ́rìn-ín. N kò mọ̀ pé ó sọ ọ́ rí. Mo bú sẹ́kún.

Ọjọ́ orí ohùn náà ń kéré lọ. Ohùn obìnrin ẹni ogójì ọdún, tó dúró ṣinṣin: “Ìdílẹ̀kẹ̀ ni.” Ẹ̀rí tí wọ́n fi dá a lẹ́bi nìyẹn, òun náà parẹ́ bíi ti àwọn yòókù. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹkún, ẹkún tó pọ̀, ti obìnrin tó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́: “Ìdílẹ̀kẹ̀, ibà ti gba ahọ́n ọmọ mi. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Ó ní oyin ò dùn mọ́.”

Ẹyinjúẹgẹ́ dìde. Ó lọ gbé àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì lé ògiri. “Màmá,” ó wí, “ó ti pẹ́. Kò dùn mí mọ́.” Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kò dúró gbọ́ tirẹ̀, ó ti kọjá síbi tí Màmá ti ń kọrin fún oyún inú rẹ̀, orin tí kò lọ́rọ̀ nínú, bẹ́ẹ̀ oyún náà ni Ẹyinjúẹgẹ́ fúnra rẹ̀. Ó gbé etí lé òkúta, ó gbọ́ ọ dópin.

Níkẹyìn, ohùn ọ̀dọ́mọbìnrin kan ló kù, tí èmi kò mọ̀ rí, tí ìbá jẹ́ àbúrò mi. Ó ń tijú. “Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, mi ò lè pè wọ́n lórúkọ. Wọ́n ti wà nílé kí n tó dé.” Ẹ̀rín díẹ̀. “Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ wò wọ́n dáadáa. Ẹ wo bí wọ́n ṣe so. Ìdílẹ̀kẹ̀ ni n ó máa pè wọ́n.” Lẹ́yìn ìyẹn, ó mí sínú, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ inú òtútù fún ìgbà àkọ́kọ́. Kò mí síta.

Omi ń kán. Làníyọ̀nù kọ nǹkan sílẹ̀, ojú rẹ̀ pọ́n pẹ̀lú òwú létí, ó kó ife rẹ̀, ó sì lọ láìkí wa. Ẹyinjúẹgẹ́ náà gbé ìborùn rẹ̀. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà, ó ní, “O ṣe ohun tó yẹ kó o ṣe. Má wá sọ́dọ̀ mi ná.” Mo sọ pé mo ti gbọ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo dé ẹnu ilẹ̀kùn, ògiri sì béèrè pé, “Ta nìyẹn?” Ohùn tèmi ni. Ọdún méjìlá ni ẹ̀rọ ti ń kó o jọ, ó ti tó o lò. Ó wúwo díẹ̀ ju bí mo ṣe ń gbọ́ ara mi lọ. Mo dúró níbẹ̀, ẹsẹ̀ mi kò fẹ́ gbéra. Ó tún béèrè. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, mo dá a lóhùn pé èmi ni, ó sì ní kí n bọ́ bàtà.

Inú yàrá ni mo ti wá rí ohun tí mo fi orí ara mi gbé. Mo kúnlẹ̀, mo la ẹnu láti kí Ìdílẹ̀kẹ̀, mo sì rántí pé ògiri ń gbọ́ mi. Ọ̀rọ̀ tí mo bá sọ níbí ni wọ́n á fi dá ẹlòmíràn lẹ́jọ́ lẹ́yìn mi. Bí Ìdílẹ̀kẹ̀ bá tún wọ inú ògiri yẹn láti ẹnu mi, ọ̀ràn náà tún bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, fún ìyàwó tí wọn ò tíì bí. Orúkọ rẹ̀ gan-an ńkọ́? Mo ti pè é lánàá níwájú òfin, n kò lè tún un pè láàárọ̀ kùtù bí ẹni ń pe ọmọ ọ̀dọ̀. Mo fi ètè nìkan kí i, láìsí ohùn.

“Kí lo sọ?” ohùn mi béèrè láti inú ògiri. “Mi ò gbọ́.”

“Mi ò sọ nǹkan kan.”

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe é fún ọjọ́ mọ́kànlá. Ojú ẹ̀ka ti ń wú, omi ti dáwọ́ dúró, irun funfun díẹ̀ ti ń yọ lára ewé tó fẹ́ là. Mo ń fọ ọwọ́, mo ń wo ilẹ̀, mo ń jáde láìfọhùn. Ó ń ṣe mí bí ẹni tí wọ́n lé kúrò níbi tó ti ń sin ẹni tó fẹ́ràn.

Ní ọjọ́ kejìlá, mo wà lórí ìkúnlẹ̀ nígbà tí ẹnu ọ̀nà ṣí lẹ́yìn mi.

“Ìdílẹ̀kẹ̀, ẹ káàárọ̀. Ẹ kú oorun o.”

Ohùn Màmá ni. Ìkanra díẹ̀ náà wà nínú rẹ̀, ẹ̀rín tó wà lábẹ́ ìkanra náà sì wà níbẹ̀. Mo yíjú padà, mo sì rí Ẹyinjúẹgẹ́, ó ti bọ́ bàtà, ó dúró pẹ̀lú kẹ́tùlù omi lọ́wọ́. Ọmọ ilé ni, kò sí orúkọ tó léèwọ̀ fún un. Láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n, orúkọ igi náà gan-an ló máa ń pè é. Ògiri kò dá a lóhùn, torí ohùn tirẹ̀ kò sí lára èyí tó ń kó jọ.

Ó kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ohun tí ọmọ ilé kì í ṣe, ó sì sún mọ́ mi kí òtútù má baà mú un jù. “Wí ohun tó o fẹ́ kí n bá ẹ wí fún wọn sí mi létí,” ó ní. “Èmi ni n ó máa sọ ọ́.”